Napoli ní Sáà 2022 sí 2023: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí Wọ́n Ṣe Gba Ife Líìgì Ítálì

Láti ìgbà tí Victor Osimhen ti wọ jẹ́sì búlúù Napoli ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti sọ ara wọn di ọmọ ìlú Naples láìtíì fojú kan ibẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ tó sì wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wọn nípa sáà tí ẹgbẹ́ náà gba ife ni pé Osimhen ló gbà á fún wọn. Èsì àwọn ìdíje náà kò sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá jù nípa sáà náà la kó jọ síbí, a ó sì dáhùn wọn bí agbára wa ṣe mọ.

Kí ni Napoli gbà gan-an, kí sì ni Scudetto tí wọ́n ń pariwo rẹ̀?

Serie A ni orúkọ líìgì tó ga jù ní Ítálì. Ẹgbẹ́ 20 ló wà nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì máa ń pàdé àwọn 19 yòókù lẹ́ẹ̀mejì, nílé àti lẹ́yìn odi, tí gbogbo rẹ̀ fi ń jẹ́ ìdíje 38. Àmì mẹ́ta ni ẹni tó bá borí ń gbà, ẹni tó bá gbá ọ̀mì ń gba ẹyọ kan. Scudetto túmọ̀ sí asà kékeré: asà aláwọ̀ ewé, funfun àti pupa ni wọ́n máa ń rán mọ́ àyà jẹ́sì ẹgbẹ́ tó gba ife, tí wọ́n á máa wọ̀ ní gbogbo sáà tó bá tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Ítálì kì í fi í sábà sọ pé ẹgbẹ́ kan gba ife líìgì. Wọ́n á ní ó gba Scudetto.

Àmì 90 ni Napoli fi gba tiwọn. Nínú ìdíje 38, wọ́n borí nínú 28, wọ́n gbá ọ̀mì nínú mẹ́fà, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú mẹ́rin. Góòlù 77 ni wọ́n jẹ, 28 ni wọ́n jẹ wọ́n. Lazio tó ṣe ipò kejì ní àmì 74, èyí tó fi hàn pé àmì 16 ló wà láàárín wọn. Inter ṣe ipò kẹta pẹ̀lú 72, Milan sì ṣe ipò kẹrin pẹ̀lú 70.

Kí ló dé tí ọdún 33 fi kọjá kí wọ́n tó tún gbà á?

Ọdún 1926 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ife líìgì méjì péré ni wọ́n ti gbà kí sáà yìí tó dé, ní 1987 àti ní 1990, Diego Maradona ló sì ṣáájú wọn nígbà méjèèjì. Lẹ́yìn tí Maradona fi ìlú náà sílẹ̀ ní 1991, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dẹnu kọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí gbèsè fi gbé ẹgbẹ́ náà mì pátápátá ní 2004. Aurelio De Laurentiis, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbé fíìmù jáde, ló rà á, líìgì onípò kẹta ló sì ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ní 2007 ni wọ́n padà sí Serie A.

Ọ̀rọ̀ náà tún ju ti gbèsè lọ. Àríwá Ítálì ni owó àti ilé iṣẹ́ ńlá pọ̀ sí, ọ̀nà ibẹ̀ náà ni ife máa ń gbà. Láti 2001 tí Roma ti gba tirẹ̀ títí di 2023, Juventus ti ìlú Turin àti àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ti ìlú Milan, ìyẹn Inter àti Milan, nìkan ni wọ́n ń gbé e fún ara wọn. Naples wà ní gúúsù, lẹ́bàá òkè Vesuvius tó ti yọ iná rí. Tí Napoli bá lọ gbá bọ́ọ̀lù ní àríwá, orin èébú tí àwọn kan máa ń kọ sí wọn ni pé kí Vesuvius fi iná rẹ̀ wẹ̀ wọ́n. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí àgbàlagbà fi ń sunkún nítorí bọ́ọ̀lù.

Ìrora kan tún wà tó sún mọ́ tòsí. Ní sáà 2017 sí 2018, Napoli kó àmì 91 jọ, síbẹ̀ ipò kejì ni wọ́n ṣe, nítorí pé Juventus kó 95. Àmì tí wọ́n fi gba ife ní 2023 kò tó èyí tí wọ́n fi pàdánù rẹ̀ ní 2018.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ta àwọn àgbà ẹgbẹ́ kí sáà náà tó bẹ̀rẹ̀?

Òótọ́ ni pé wọ́n lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n tà. Lorenzo Insigne, balógun ẹgbẹ́ tó tún jẹ́ ọmọ bíbí ìlú náà, lọ sí Toronto nígbà tí àdéhùn rẹ̀ parí. Dries Mertens, tí kò sí ẹni tó jẹ góòlù tó o nínú ìtàn Napoli, nítorí 148 ló jẹ fún wọn, lọ sí Galatasaray ní Tọ́kì. Chelsea ra Kalidou Koulibaly, ògiri ẹ̀yìn wọn láti 2014. Fabián Ruiz lọ sí Paris Saint-Germain, David Ospina tó ń ṣọ́lé sì lọ sí Saudi Arabia. Inú bí àwọn alátìlẹ́yìn sí De Laurentiis, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù Ítálì ni kò sì fi Napoli sínú àwọn tí ife tọ́ sí lọ́dún náà.

Àwọn tí wọ́n fi rọ́pò wọn kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀. Khvicha Kvaratskhelia wá láti Dinamo Batumi ní Jọ́jíà, owó tí wọ́n fi rà á kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 yúrò. Kim Min-jae, ọmọ Gúúsù Kòríà, wá láti Fenerbahçe láti jókòó sí àyè Koulibaly. Mathías Olivera wá láti Getafe, Giacomo Raspadori láti Sassuolo, wọ́n sì yá Giovanni Simeone láti Verona. Nígbà tí sáà náà fi máa parí, Serie A yan Kvaratskhelia ní agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù, ó yan Kim ní adílémú tó dára jù. Kvaradona ni àwọn ará Naples ń pe ọmọ Jọ́jíà náà, ìlú tí ó sì fi orúkọ Maradona ṣeré báyìí mọ ohun tó ń ṣe.

Báwo ni akọ́nimọ̀ọ́gbá náà ṣe tò wọ́n?

Luciano Spalletti ni. Ẹni ọdún 64 ni nígbà tó gba ife náà, òun pẹ̀lú kò sì tíì gba Serie A rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gba Coppa Italia, ìdíje ife Ítálì tó yàtọ̀ sí ti líìgì, pẹ̀lú Roma, ó sì ti gba líìgì Rọ́ṣíà pẹ̀lú Zenit. Agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin ló ń tò sẹ́yìn, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta níwájú. Kò sí àṣírí kankan nínú ìyẹn, ọ̀kẹ́ àìmọye ẹgbẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ọ̀dọ̀ Stanislav Lobotka, ọmọ Slovakia kúkúrú kan tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Bí Alex Meret tó ń ṣọ́lé bá ti ta bọ́ọ̀lù fún Kim tàbí fún Amir Rrahmani, Lobotka á ti sún mọ́ wọn. Yóò kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń sáré bọ̀ láti já a gbà, yóò fi ìdí gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò yí bírí, ojú rẹ̀ á sì kọ sí iwájú pápá. Ẹni tó sáré wá pàdé rẹ̀ ti kúrò nínú ìdíje fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan nìyẹn, àlàfo tó fi sílẹ̀ sì ni bọ́ọ̀lù máa ń gbà kọjá sọ́dọ̀ Frank Anguissa, ọmọ Kamẹrúùnù tó lágbára bí ẹṣin, tàbí sọ́dọ̀ Piotr Zieliński. Láti ibẹ̀ ni yóò ti dé ọ̀dọ̀ Kvaratskhelia ní apá òsì. Nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá a dúró, ènìyàn méjì ló máa ń lọ bá a, bí ènìyàn méjì bá sì ti lọ bá a, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí yóò máa wo Osimhen. Ẹni tó bá dá wo Osimhen nìkan, kò ní í pẹ́ tí yóò fi máa wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ohun kejì tí Spalletti mọ̀ ọ́n ṣe ni lílo àwọn tó jókòó síta. A ó rí i níwájú pé lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tí kò bẹ̀rẹ̀ ìdíje ló ń parí rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀?

Bí ìjì ni. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹjọ, ọdún 2022, wọ́n na Verona ní 5 sí 2 ní ìta, wọ́n sì fi 4 sí 0 na Monza ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbá ọ̀mì pẹ̀lú Fiorentina àti Lecce, àwọn kan sì ti ń sọ pé a ti mọ̀ pé ibi tí yóò parí sí nìyí. Láti ọjọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án, tí wọ́n ti na Lazio nílé Lazio, wọ́n borí nínú ìdíje líìgì 11 léraléra. Ọ̀kan nínú wọn ni ti San Siro, pápá ìṣeré Milan, níbi tí wọ́n ti na Milan tó gba ife sáà tó ṣáájú ní 2 sí 1: Mário Rui gbé bọ́ọ̀lù wá láti apá òsì, Simeone tó wọlé gẹ́gẹ́ bí arọ́pò sì fi orí kàn án sáwọ̀n ní ìṣẹ́jú 78.

Ní Yúróòpù pẹ̀lú, wọ́n lu Liverpool ní 4 sí 1 ní Naples, wọ́n sì lọ lu Ajax ní 6 sí 1 nínú ilé rẹ̀ ní Amsterdam. Nígbà tí líìgì fi máa dúró nítorí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, Napoli ti gbá ìdíje 15, ó ti ní àmì 41, kò sì sí ẹgbẹ́ kankan nínú Serie A tó tíì nà wọ́n. Milan tó tẹ̀ lé wọn fi àmì mẹ́jọ wà lẹ́yìn. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ife náà, ìyókù kàn jẹ́ gbígbé e délé ni.

Ṣé Osimhen nìkan kọ́ ló gba ife náà?

Ìbéèrè yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ nílé ìwòran bọ́ọ̀lù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i.

Ohun tí Osimhen ṣe kò kéré rárá. Góòlù 26 ló jẹ nínú ìdíje líìgì 32, márùn-ún ju ti Lautaro Martínez ti Inter lọ, èyí tó sọ ọ́ di Capocannoniere, oyè tí wọ́n ń fi fún ẹni tí góòlù rẹ̀ bá pọ̀ jù ní Serie A. Kò sí ọmọ Áfíríkà tó gba oyè náà rí ṣáájú rẹ̀. Nínú sáà yìí kan náà ló kọjá góòlù 46 tí George Weah jẹ nínú líìgì náà, tó sì di ọmọ Áfíríkà tó ní góòlù jù níbẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ní Marrakech, wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Olúsosùn l'Ékòó, tó ti ta omi inú ọ̀rá láàárín ọkọ̀ lójú pópó, kó tó lọ jẹ góòlù 10 ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 17 lọ ní Chile ní 2015: bí inú wa bá dùn sí i, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì. Ìdíje líìgì mẹ́fà ni kò sí nínú rẹ̀. Ó fara pa ní alẹ́ tí wọ́n na Liverpool, kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pàdé Spezia, Milan, Torino àti Cremonese. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n borí. Ti Spezia le gan-an, ìṣẹ́jú 89 ni Raspadori tó gbá ẹyọ góòlù náà wọlé. Nígbà tó tún fara pa ní ìparí oṣù Kẹta, Milan wá lu Napoli ní 4 sí 0 ní Naples, Napoli sì tẹ̀ lé e nípa bíborí Lecce ní 2 sí 1. Márùn-ún nínú mẹ́fà ni wọ́n borí láìsí i. A kò sọ pé wọn ì bá gba ife láìsí góòlù 26. A ní ilé tí wọ́n kọ́ kò wó nígbà tí òpó kan kò sí níbẹ̀.

Kí ni ìdí tí Osimhen fi ń wọ ìbòjú sójú lórí pápá?

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kọkànlá, ọdún 2021, nílé Inter, òun àti adílémú Inter kan tó ń jẹ́ Milan Škriniar forí gbára nígbà tí wọ́n jọ fò sókè fún bọ́ọ̀lù kan. Eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ Osimhen fọ́, iṣẹ́ abẹ náà kò sì kéré. Ìbòjú dúdú náà ló fi padà sórí pápá láti fi dáàbò bo ojú rẹ̀. Eegun ti jiná tipẹ́, ìbòjú ò kúrò. Ó ti di àmì ìdánimọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọdé Naples sì ń wọ irú rẹ̀ lọ sí pápá ìṣeré.

Ǹjẹ́ ìsinmi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé kò da nǹkan rú fún wọn?

Ìbẹ̀rù yẹn wà. Ọ̀sẹ̀ méje ni líìgì fi dúró, láti àárín oṣù Kọkànlá títí di ọjọ́ 4, oṣù Kìíní, ọdún 2023, èyí tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nítorí pé ìgbà òtútù ni wọ́n gbá ti Qatar. Nàìjíríà kò lọ, Ítálì kò lọ, Jọ́jíà náà kò sì lọ. Ohun tó dùn wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ Nàìjíríà ló ṣe Napoli láǹfààní, nítorí Osimhen, Kvaratskhelia, Meret, Politano, Raspadori àti Giovanni Di Lorenzo tó di balógun lẹ́yìn Insigne, gbogbo wọn ló wà nílé tí wọ́n ń sinmi.

Síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n padà gan-an ni Inter fún wọn ní ìyà àkọ́kọ́, góòlù kan tí Edin Džeko fi orí jẹ. Inú àwọn tó ń lé wọn dùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni Juventus wá sí Naples.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ìdíje wọn pẹ̀lú Juventus?

Ìdíje mẹ́jọ léraléra ni Juventus ti borí nínú líìgì kí ó tó débẹ̀, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá ẹyọ bọ́ọ̀lù kan sáwọ̀n wọn. Ìṣẹ́jú 14 ni wọ́n gbé e dé. Kvaratskhelia fò sókè, ó fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lófuurufú, Wojciech Szczęsny tì í jáde, Osimhen tó ti dúró dè é sì fi orí kàn án wọlé. Kvaratskhelia jẹ èkejì. Ángel Di María dá ẹyọ kan padà. Lẹ́yìn ìsinmi, Rrahmani jẹ, Osimhen tún fi orí jẹ, Eljif Elmas sì fi ti karùn-ún lé e. 5 sí 1. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, ọjọ́ 13, oṣù Kìíní, kò sí ẹni tó tún lè fi ọkàn kan sọ pé òun máa lé Napoli bá.

Ẹ̀yin tí ẹ rí i pé ipò keje ni Juventus parí sí, ẹ má rò pé ìyà yìí ló gbé wọn débẹ̀. Ilé ẹjọ́ eré bọ́ọ̀lù Ítálì ló yọ àmì lọ́wọ́ wọn nítorí ọ̀rọ̀ ìwé ìṣirò owó wọn: wọ́n yọ 15 ní oṣù Kìíní, wọ́n dá a padà ní oṣù Kẹrin, wọ́n sì wá yọ 10 ní oṣù Karùn-ún. Àní bí wọn kò bá tilẹ̀ yọ ẹyọ kan, àmì wọn kò ní í tó ti Napoli.

Kí ló dé tí oṣù Kẹrin fi le fún wọn?

Ó rẹ̀ wọ́n, Osimhen ò sí, Milan sì mọ̀ wọ́n. Yàtọ̀ sí 4 sí 0 tí a ti mẹ́nu bà, Milan ló tún yọ wọ́n kúrò nínú Champions League nígbà tó ku ẹgbẹ́ mẹ́jọ: 1 sí 0 ní Milan, 1 sí 1 ní Naples, níbi tí Mike Maignan ti mú pẹnárítì Kvaratskhelia. Góòlù Osimhen dé nígbà tí àsìkò ti lọ tán. Coppa Italia sì ti bọ́ lọ́wọ́ wọn láti oṣù Kìíní, Cremonese ló fi pẹnárítì lé wọn jáde, ẹgbẹ́ tó padà jábọ́ kúrò nínú líìgì.

Nílé pàápàá, ìjà wà láàárín àwọn alátìlẹ́yìn àti De Laurentiis lórí owó ìwọlé àti lórí àsíá àti ìlù tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé wọlé, débi pé ní alẹ́ tí Milan lù wọ́n ní mẹ́rin, ibi tí ariwo ti máa ń jáde jù nínú pápá náà dákẹ́. Ohun tó tú wọn lára ni ìdíje ọjọ́ 23, oṣù Kẹrin, ní Turin. Ìdíje ti ń lọ sí ọ̀mì, ìṣẹ́jú 93 ti pé, bọ́ọ̀lù gba apá òsì wá, Raspadori gbà á láìjẹ́ kó balẹ̀, ó sì gbá a kọjá Szczęsny. Juventus 0, Napoli 1.

Ọjọ́ wo gan-an ni ife náà di tiwọn?

Ìlú náà ti múra sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Ohun tó sì yani lẹ́nu nìyẹn, nítorí àwọn ará Naples kì í dárúkọ ohun rere kó tó dé, kí ojú burúkú má bàa bà á. Lọ́dún yìí, oṣù méjì ṣáájú ni wọ́n ti ń so ọ̀já búlúù àti funfun láti fèrèsé kan dé èkejì, tí wọ́n ń kun àtẹ̀gùn ní búlúù, tí wọ́n ń ya àwòrán Osimhen sí ara ògiri nítòsí ti Maradona.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, ni gbogbo wọn fi sọ́kàn. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi ìdíje Napoli pẹ̀lú Salernitana sí tẹ́lẹ̀, ìjọba ló sún un síwájú kí ó lè wáyé lẹ́yìn ti Inter àti Lazio. Inter na Lazio. Ọ̀nà ti ṣí: bí Napoli bá borí, ó parí nìyẹn. Ní ìṣẹ́jú 62, Olivera fi orí kan bọ́ọ̀lù kọ́ọ̀nà wọlé, ìlú sì gbiná. Ní ìṣẹ́jú 84, Boulaye Dia ti Salernitana gba bọ́ọ̀lù ní apá ọ̀tún, ó gẹ̀ Osimhen tó padà sẹ́yìn wá ṣèrànwọ́ kọjá, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì gbá a lọ sí igun kejì. 1 sí 1. Bọ́ǹgà tí wọ́n ti rà sílẹ̀ di ti ọjọ́ mìíràn.

Ọjọ́ mìíràn náà ni Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ní ìlú Udine tó wà ní ìpẹ̀kun àríwá ìlà-oòrùn Ítálì. Ọ̀mì ti tó. Agogo mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Nàìjíríà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòran sì kún. Ní Naples, àwọn tó lé ní 50,000 ló lọ jókòó sí pápá ìṣeré Diego Armando Maradona láti wo tẹlifíṣọ̀n ńlá, pápá tí kò sí ẹnikẹ́ni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú 13, Sandi Lovrić jẹ wọ́n. Ìṣẹ́jú 52, Kvaratskhelia gbá bọ́ọ̀lù kan, Marco Silvestri tì í jáde, ó bọ́ síwájú Osimhen, kò sì ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fi agbára gbá a wọlé. 1 sí 1 náà ló parí sí, ìdíje márùn-ún ló sì ṣì kù nínú sáà. Àwọn alátìlẹ́yìn ya bo pápá, àwọn kan nínú àwọn ti Udinese náà jáde, ẹsẹ̀ àti ìgbátí sì fò díẹ̀ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó là wọ́n.

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, lẹ́yìn tí wọ́n na Sampdoria ní 2 sí 0, Di Lorenzo gbé ife náà sókè nínú ilé tó ń jẹ́ orúkọ Maradona. San Paolo ni ilé náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, oṣù Kejìlá ọdún 2020, lẹ́yìn ikú Maradona, ni wọ́n yí i padà.

Bí àmì ẹgbẹ́ méjì bá dọ́gba lókè ńkọ́?

Láti sáà yẹn gan-an ni òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀, pé kí àwọn méjèèjì gbá ìdíje kan ṣoṣo, bí ó bá sì jẹ́ ọ̀mì, kí wọ́n lọ tààrà sí pẹnárítì. Napoli kò nílò rẹ̀. Ìsàlẹ̀ àtẹ ni wọ́n ti lo irú rẹ̀: àmì Verona àti Spezia dọ́gba, Verona na Spezia ní 3 sí 1, Spezia sì bá Cremonese àti Sampdoria jábọ́.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí wọn lẹ́yìn náà?

Spalletti ní ó rẹ òun, ó kúrò, kí Ítálì tó pè é láti wá tọ́jú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Bayern Munich ra Kim. Ó ku Osimhen, ó ku Kvaratskhelia, ó ku Lobotka, ó ku ọ̀pọ̀ àwọn tó gba ife, síbẹ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́ta ni Napoli lò nínú sáà kan ṣoṣo, Rudi Garcia, Walter Mazzarri àti Francesco Calzona, wọ́n sì parí sí ipò kẹwàá. Góòlù 15 ni Osimhen jẹ nínú líìgì lọ́dún náà.

Ní 2024, Antonio Conte dé, wọ́n sì yá Osimhen fún Galatasaray. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Kvaratskhelia lọ sí Paris. Ní ọjọ́ 23, oṣù Karùn-ún, ọdún kan náà, Napoli na Cagliari ní 2 sí 0, wọ́n fi àmì 82 borí Inter tó ní 81, wọ́n sì gba Scudetto kẹrin. Osimhen wà ní Istanbul nígbà náà, òun náà ti gba ife líìgì Tọ́kì, góòlù 26 ló sì tún jẹ níbẹ̀.